Olùkọ́ Kan ní Oǹdó àti Àwòrán Títẹ̀

 Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ sún mọ́ tòsí.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìkéde tí a ń lẹ̀ mọ́ ògiri, tí a ń pè ní pósítà, ni mo bá wá lónìí. Púpọ̀ nínú wa ni kò kà á sí. Bí ọjọ́ tí ó ń kéde bá ti kọjá, a ó fà á ya, a ó sì fi di àkàrà. Ṣùgbọ́n ní ìlú Vienna, ní ilẹ̀ Austria, ní ọdún 1898, àwọn ayàwòrán tí wọ́n fẹ́ yà kúrò lọ́nà àtijọ́ pàtẹ iṣẹ́ wọn nígbà àkọ́kọ́. Gustav Klimt, aṣáájú wọn, ni ó fúnra rẹ̀ ya pósítà ìpàtẹ náà. Ó ya ọ̀dọ́mọkùnrin kan sí i ní ìhòòhò; àwọn aláṣẹ kò gbà, Klimt sì fi igi bo ìhòòhò náà. Lónìí, ohun ìṣúra ni pósítà yẹn.

Kí ni ó sọ bébà lásán di ìṣúra? Ọwọ́ oníṣẹ́ ọnà fúnra rẹ̀ ni. Ẹ wo àwọn aláàdìrẹ Abẹ́òkúta. Wọn a gé bátànì sára páànù, wọn a sì fi ẹ̀kọ láfún tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ. Bátànì kan a jáde lára ogún aṣọ, síbẹ̀ kò sí ayédèrú nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwòrán títẹ̀. Ayàwòrán a gbẹ́ igi, tàbí kí ó fi omi ásíìdì jẹ páànù; a fi tàdáwà kùn ún, a sì tẹ bébà lé e.

Ẹ má ṣe rò pé òkè òkun nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní 1956, olùkọ́ ọ̀dọ́ kan dé sí Ondo Boys' High School láti kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọnà. Bruce Onobrakpeya ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Urhobo láti Agbarha-Otor. Ọdún kan péré ni ó lò. Ní 1957 ó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Zaria. Níbẹ̀ ni òun, Uche Okeke, Demas Nwoko, Yusuf Grillo àti àwọn mìíràn ti wà nínú ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní 1958. Wọ́n ní àwọn yóò kọ́ ọgbọ́n òyìnbó, ṣùgbọ́n àwọn kò ní sọ ogún baba àwọn nù.

Ní 1961 a dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní 1962 Dúró Ládiípọ̀ ṣí tirẹ̀ ní Òṣogbo, àwọn ará ìlú sì yí orúkọ Ìgbò náà sí Yorùbá: “Ḿ bá rí i, ḿ bá yọ̀.” Ru van Rossem, ará Netherlands, wá kọ́ni ní títẹ àwòrán níbẹ̀, Onobrakpeya sì wà lára àwọn tí ó kọ́ ọ.

Ní 1967, ásíìdì ba páànù rẹ̀ jẹ́, ó dá ihò sí i. Ẹlòmíràn ì bá jù ú nù. Onobrakpeya fi gọ́ọ̀mù líle tún un ṣe, ó tẹ bébà lé e, àwòrán náà sì yọ gọnbu lára bébà. Báyìí ni àṣìṣe di ọ̀nà tuntun. Ní 1968, nígbà tí ìwé Ògbójú Ọdẹ tí Fágúnwà kọ jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì láti ọwọ́ Wọlé Ṣóyinká, òun ni ó ya àwòrán inú rẹ̀. Ọmọ Òkè-Igbó, nítòsí Oǹdó, ni Fágúnwà. Ní 1990, ìpàtẹ ńlá Venice ní ilẹ̀ Ítálì yẹ́ olùkọ́ wa àtijọ́ sí.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí àwòrán títẹ̀, ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí a bá fi pẹ́ńsùlù kọ 7/50 síbẹ̀, ìkeje nínú àádọ́ta ni, orúkọ ayàwòrán a sì máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí tí ẹ̀rọ kàn dà kọ láti inú fọ́tò lè dára lára ògiri, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ má san owó kan náà lé e. Bí ilé-ìwé yín bá sì pàtẹ iṣẹ́ ọnà, ẹ tọ́jú pósítà kan. Ẹ kọ ọdún sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ gbé e jìnnà sí òjò àti ikán. Ta ni ó mọ olùkọ́ ọlọ́dún kan tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀?

Ẹni tí ó mọ iyì wúrà ni à á tà á fún. Ó dìgbà kan ná o.