Ta Ló Ń Pàṣẹ Ibi Tí Ilé Yóò Wà ní Bàbáńlá?

Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ọ̀dọ̀ olórí ẹbí àti ọba ló ń lọ. Ìjọba òyìnbó ló kọ́kọ́ yí i padà lójú òfin. Nítorí pé Bàbáńlá wà ní Àríwá Nàìjíríà nígbà náà, òfin ọdún 1962 fi ilẹ̀ ìbílẹ̀ sábẹ́ àkóso mínísítà, nígbà tí àwọn ẹbí ní Ìbàdàn ṣì ń ta ilẹ̀ wọn.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1978, ìjọba ológun Ọbásanjọ́ ṣe òfin ilẹ̀ kan fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ilẹ̀ ìgboro di ti gómìnà. Ilẹ̀ ìgbèríko bọ́ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, irú èyí tó wà ní Share fún Ìfẹ́lódùn, tí Bàbáńlá jẹ́ ara rẹ̀. Fún iṣẹ́ oko, kò gbọdọ̀ fún ẹnì kan ju hẹ́kítà 500 lọ láìgba àṣẹ gómìnà.

Òfin ọdún 1992 fẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àjọ ìṣètò ìlú tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2003, nínú ẹjọ́ Èkó àti ìjọba àpapọ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé ìpínlẹ̀ ló ni ìṣètò ìlú.

Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń pín ilẹ̀ ìgbèríko yàtọ̀ sí ẹni tó ń ṣòfin ìlànà ilé. Bí àwọn méjèèjì kò bá jùmọ̀ ya ojú ọ̀nà, ọjà àti ilé ẹ̀kọ́ sọ́tọ̀ ṣáájú ìpìlẹ̀, àwọn ọmọ ni yóò jogún ilé tí kò lójú ọ̀nà.