Maria Merian àti Àwọn Kòkòrò Ajẹwé

Ní 1647, nígbà tí a bí Maria Sibylla Merian ní Frankfurt, ọ̀pọ̀ ará Yúróòpù gbà pé inú ẹrẹ̀ ni kòkòrò ti ń hù jáde. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í sin kòkòrò. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1679, ojú ìwé kan náà ni ó ya kòkòrò ajẹwé sí, pẹ̀lú ewé tí ó ń jẹ àti labalábá òru aláràbarà tí yóò dà. Ẹni tí ó bá mọ ewé náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ kòkòrò ná.

Ní 1699, ó wọkọ̀ lọ sí Suriname. Àwọn ẹrú ni wọ́n ń la igbó fún un, tí wọ́n sì ń mú kòkòrò wá. Ìwé rẹ̀ ti 1705 jẹ́wọ́ èyí, ṣùgbọ́n, ó mà ṣe o, kò dárúkọ ẹnì kan. Obìnrin onílẹ̀ kan tilẹ̀ bá a padà sí Amsterdam ní 1701. Orúkọ tirẹ̀ náà kò sí níbẹ̀.