Bí Òjìji Ṣe Kọ́ Àwọn Tí Ó Ń Fi Oòrùn Tan Iná Lọ́gbọ́n

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni oòrùn ti ń ràn sórí olówó àti tálákà láì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ọdún 1839 ni Edmond Becquerel, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Faransé kan tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, ṣàkíyèsí pé ìmọ́lẹ̀ lè mú kí iná mànàmáná ṣàn. Ọdún 115 kọjá kí Chapin, Fuller àti Pearson, ní ilé ìwádìí Bell ní New Jersey, tó fi sílíkọ́ọ̀nù ṣe sẹ́ẹ̀lì sólà tí ó ń sọ nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún agbára oòrùn di iná. Ayọ̀ ọjọ́ náà pọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí oòrùn bá wà, òjìji kì í jìnnà sí i.

Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo kò mú ju nǹkan bí ìdajì fóltì wá, ọwọ́ kan kò sì gbé igbá dé orí. Nítorí náà ni àwọn oníṣẹ́ ṣe máa ń to 36 tẹ̀ léra nínú páńẹ́lì kan, tí wọ́n so ìdí ọ̀kan mọ́ orí èkejì, kí fóltì wọn lè pọ̀ tó láti rọ iná sínú bátìrì fóltì 12. Níbi tí wọ́n ti rí agbára náà gan-an ni àléébù fara pamọ́ sí, nítorí iná tí ó bá gba inú ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba inú gbogbo ìyókù, bí ìgbà tí àwọn obìnrin ru omi bọ̀ láti odò ní ọ̀nà tóóró tí igbó dí lọ́tùn-ún lósì: bí ẹsẹ̀ ẹnì kan bá wúwo, ìrìn tirẹ̀ ni gbogbo wọn yóò máa rìn. Bí ewé kan bá bo sẹ́ẹ̀lì kan ní ọ̀sán gangan, 35 tí oòrùn ń pa lójú kò ní lè ṣe tó bí ó ti yẹ.

Ìyà náà kò mọ síbẹ̀. Àwọn tí ó wà nínú oòrùn a máa ti iná gba inú èyí tí ó wà lábẹ́ òjìji tipátipá, títí tí ẹni tí ó yẹ kí ó pèsè yóò fi di ẹni tí ń jẹ. Ohun tí ó jẹ a di ooru, ooru a jó ike ẹ̀yìn páńẹ́lì, ojú ibẹ̀ a sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hùrùhẹrẹ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Nígbà tí epo rọ̀bì gbówó lórí ní 1973, tí Amẹ́ríkà wá bẹ̀rẹ̀ sí fojú sí oòrùn, ilé ìwádìí Jet Propulsion Laboratory ní California ra oríṣiríṣi páńẹ́lì lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe wọ́n, wọ́n sì fìyà jẹ wọ́n láti mọ èyí tí yóò tọ́jọ́. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: láti gba sẹ́ẹ̀lì tí òjìji bò lọ́wọ́ ooru, dáyódù ni a fi la ọ̀nà ẹ̀bùrú, ilẹ̀kùn kékeré tí ń tì pa nígbà tí ara gbogbo sẹ́ẹ̀lì bá le, ṣùgbọ́n tí ń ṣí nígbà tí òjìji bá kan agbo sẹ́ẹ̀lì kan, kí iná lè gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Nínú páńẹ́lì sẹ́ẹ̀lì 60, dáyódù mẹ́ta ni ó sábà máa ń wà, tí ewé kan kò fi lè kó ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta iná rẹ̀ lọ. Nígbà tí ó di 1993, ìlànà tí àjọ International Electrotechnical Commission gbé jáde fi í lélẹ̀ pé kí a dán páńẹ́lì wò lábẹ́ òjìji kí a tó fọwọ́ sí i.

Ìwọ tí o fẹ́ gbé sólà sórí òrùlé, jáde síta ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́, kí o wo ibi tí òjìji táǹkì omi àti ti igi máńgòrò ń dé. Dáyódù mẹ́ta kò lè ṣe iṣẹ́ àdá kan tí ó gé ẹ̀ka.