Ìdáwó Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì: Ẹ̀kọ́ Oṣù Ọ̀wàrà 2020

Ìdáwó kì í ṣe tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé làwọn baba wa ti ń dá èésú, tí wọ́n sì ń dáwó kọ́ ilé-ìwé. Ìfọkàntán ló gbé e ró.

Lóṣù Ọ̀wàrà 2020, nígbà ìwọ́de EndSARS, Feminist Coalition, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí wọ́n dá sílẹ̀ lóṣù Agẹmọ ọdún náà, bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìdáwó nípasẹ̀ Twitter. Wọ́n fi ń ra oúnjẹ, wọ́n fi ń tọ́jú àwọn tó fara pa, wọ́n sì fi ń ran àwọn tí ọlọ́pàá mú lọ́wọ́. Nígbà tí ọ̀nà ìsanwó náírà wọn dí, wọ́n yà sí bitcoin. Kí wọ́n tó dá owó gbígbà dúró lọ́jọ́ 22 oṣù náà, ó ti lé ní mílíọ̀nù 147 náírà.

Kí ló mú kéèyàn fowó ránṣẹ́ sẹ́ni tí kò rí rí? Ìṣirò ni. Wọ́n ń gbé iye tó wọlé àti iye tó jáde síta kí gbogbo ayé rí i. Gbangba làṣá ń ta. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ dáwó lónìí, kó kọ́kọ́ ṣí ìwé ìṣirò rẹ̀ sílẹ̀.