Kí ló dé tí hard drive kan kì í bá gbogbo kọ̀ǹpútà ṣe?

Inú hard drive ni iṣẹ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ń gbé: oríkì, ẹkún ìyàwó, ohùn àwọn àgbà tí a gbà sílẹ̀ ní Kétu tàbí Ìkòsì. Ṣùgbọ́n tí a bá gbé èyí tí a lò lórí Mac sára Windows, Windows sábà máa ń ní kí a kọ́kọ́ fọ́máàtì rẹ̀. Ẹni tó bá gbà lè pàdánù gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ohunkóhun kò ṣe drive náà. Ìtàn ló fà á.

Fọ́máàtì ni ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà. Microsoft bẹ̀rẹ̀ FAT ní 1977. FAT32 tẹ̀ lé e ní 1996. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹ̀rọ tí kò gbà á, àmọ́ fáìlì kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ tó 4GB nínú rẹ̀. Fídíò ọdún egúngún lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. NTFS ti Windows jáde ní 1993. Mac lè kà á, ṣùgbọ́n fúnra rẹ̀ kò lè kọ nǹkan sí i. Apple náà ṣe HFS+ ní 1998 àti APFS ní 2017. Oníkálùkù ń sọ èdè tirẹ̀.

Ní ọjà Mile 12, ẹni tó kó tòmátì wá láti òkè Ọya àti ẹni tó fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ wá èdè kan tí àwọn méjèèjì gbọ́. exFAT ni irú èdè bẹ́ẹ̀ láàárín kọ̀ǹpútà. Microsoft gbé e jáde ní 2006, Mac gbà á ní 2010. Linux pẹ́ díẹ̀, torí Microsoft di ẹ̀tọ́ rẹ̀ mú. Ìgbà tí wọ́n tú àlàyé rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní 2019 ni Linux tó fi í sínú ètò rẹ̀ gan-an.

Nítorí náà, bí oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ní Kòsọ́fẹ́ bá ní kí ẹ fọ́máàtì drive yín, ẹ má kánjú. Ẹ kọ́kọ́ gbé e padà sórí irú ẹ̀rọ tí ẹ ti lò ó, kí ẹ da ohun inú rẹ̀ kọ síbòmíràn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fi exFAT sí i, kí ẹ má sì máa já a yọ láìjẹ́ pé ẹ ti ní kí ẹ̀rọ tú u sílẹ̀. A lè ra drive mìíràn. Àgbà tó ti kú kò ní padà wá kì wá ní oríkì.