Àwọn Lọ́yà tí ó Jókòó ní Ìgbìmọ̀ Ìlú, àti Ìsẹ́yìn tí kò ní Alágbàwí

Ọ̀rọ̀ tí a gbé ka iwájú yín ní ìrọ̀lẹ́ yìí ni ìrántí àwọn amòfin tí wọ́n fi ìmọ̀ wọn ṣe iṣẹ́ ìlú. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò wí nínú ara rẹ̀ pé, kí ni ó kan ará Ìsẹ́yìn, ahunṣọ àti àgbẹ̀, nínú ìtàn àwọn lọ́yà Èkó tí wọ́n ti kú tipẹ́? Ó kàn wá gidigidi, bí ẹ ó ti rí i.

Ẹni àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí á dárúkọ ni Christopher Alexander Sapara Williams. Ìran Ìjẹ̀ṣà ni í ṣe, ilẹ̀ Sàró ni a sì bí i sí ní ọdún 1855. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a sì gbà á sínú ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún 1879. Kò sí ọmọ ilẹ̀ wa kan tí ó dé ipò náà ṣáájú rẹ̀. Ní ayé ìgbà náà, lọ́yà ṣọ̀wọ́n ní Èkó tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi ń gba àwọn akọ̀wé tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ láyè láti máa gba ẹjọ́ rò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin Òyìnbó nìkan ni ọkùnrin yìí mọ̀. Ó mọ òfin ìbílẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú, débi pé nínú àwọn lọ́yà ìgbà ayé rẹ̀ a kò rí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìmọ̀ náà.

Ní ọdún 1901 a yàn án sí Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó, kò sì kúrò níbẹ̀ títí ó fi kú ní oṣù kẹta ọdún 1915. Ẹ jẹ́ kí ìgbìmọ̀ náà yé wa dáadáa. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí Gómìnà bá ti fẹ́ òfin kan, àwọn wọ̀nyí a gbà á, ọ̀rọ̀ a sì parí. Àwọn ìyókù lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lè borí. Nítorí náà, kí Sapara Williams tó dìde láti sọ̀rọ̀, ó ti mọ̀ pé òun yóò pàdánù.

Síbẹ̀ ó ń dìde. Ní ọdún 1903 ìjọba mú òfin wá pé ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ ìwé ìròyìn jáde gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi 250 pọ́n-ùn ṣe ìdúró. Òun, C. J. George àti Dókítà Obadiah Johnson kọ̀ ọ́. A borí wọn. (Ó yẹ kí àwa ará ìjọ fi èyí sọ́kàn, nítorí ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì wa ni ìwé ìròyìn Yorùbá àkọ́kọ́ ti jáde ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859.) Ní ọdún 1904 ó bẹ̀bẹ̀ pé kí a sún ààlà Àríwá àti Gúúsù, kí gbogbo ẹni tí ń sọ èdè Yorùbá lè wà lábẹ́ àkóso kan ṣoṣo. Lugard kò gbà, Ìlọrin sì wà lábẹ́ Àríwá. Ní ọdún 1909 Gómìnà Egerton mú òfin wá láti máa fi ìyà jẹ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tàbí ìwé rẹ̀ bá dojú kọ ìjọba. Ó tún dìde, a sì tún borí rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo lọ́yà ìgbìmọ̀ ni ó rí báyìí. Kitoyi Ajasa, tí a bí ní ọdún 1866, wà níbẹ̀ pẹ́ títí, ìjọba sì fẹ́ràn rẹ̀. Òun ni ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tí a fi oyè Sir dá lọ́lá, ní ọdún 1928. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni pé ohùn pẹ̀lẹ́ ń rí gbà ju ohùn líle lọ. N kò pè é ní ọ̀dàlẹ̀ bí àwọn kan ti ń pè é, ṣùgbọ́n lójú tèmi Sapara Williams ni ìlú jẹ ní gbèsè.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí á padà wá sí ilé. Ní ọdún 1914 Lugard so Àríwá àti Gúúsù pọ̀, ó sì ṣe ohun méjì tí ó kan Ìsẹ́yìn. Ó dín agbára Ìgbìmọ̀ Aṣòfin kù sí Èkó nìkan. Ó sì dá kóòtù sílẹ̀ ní àwọn ẹkùn òkè, nínú èyí tí àwọn ajẹ́lẹ̀ jẹ́ adájọ́, tí kò sì sí àyè fún lọ́yà kankan láti gba ẹjọ́ ẹnikẹ́ni rò níbẹ̀. Ìdí tí ó sọ ni pé àwọn lọ́yà ń dá ẹjọ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń jẹ owó àwọn púrúǹtù. Èké kọ́ ni pátápátá. Àwọn lọ́yà Èkó pariwo, ṣùgbọ́n asán ni. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di pé ẹni tí ń ṣe àkóso ará Ìsẹ́yìn náà ni ń dá ẹjọ́ rẹ̀, tí kò sì sí alágbàwí fún un ní kóòtù, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ní ìgbìmọ̀.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1916 Ìsẹ́yìn àti Òkèhò dìde. Ìnira kóòtù ìbílẹ̀ titun, àti agbára tí ìjọba gbé lé Ọ̀yọ́ lọ́wọ́ lórí wọn ní ìgbà Aláàfin Ládìgbòlù àti Ross ajẹ́lẹ̀, ni ó sún wọn dé ibẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀, àwọn ọmọ ogun ìjọba sì pa ìjà náà rẹ́. Ní ọdún 1917 àwọn ará Òkèhò ṣí kúrò ní ìlú wọn àtijọ́ wá sí ibi tí wọ́n wà títí di òní. N kò wí pé lọ́yà kan ì bá ti dá ogun náà dúró. Ohun tí mo wí ni pé ẹni tí ó bá rí ibi tí yóò ti sọ ẹjọ́ rẹ̀ kì í tètè fa àdá yọ.

Ọdún 1933 ni a tó yí òfin náà padà, tí àwọn lọ́yà fi lè dúró ní ilé ẹjọ́ gíga ní òkè. Kóòtù ìbílẹ̀ ṣì ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn.

Lẹ́yìn náà ni àkókò dé tí lọ́yà kì í ṣe alátakò ní ìgbìmọ̀ mọ́, tí òun gan-an di olórí. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí ó di lọ́yà ní ọdún 1946, ni olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955, tí ọmọ ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn sì gbé síléètì láìsan owó. Bọ́lá Ìgè di lọ́yà ní ọdún 1961, ó sì jẹ́ Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, èyí tí ìlú wa wà nínú rẹ̀, láti ọdún 1979 di 1983. Ní ọdún 2000 ó di Mínísítà Ìdájọ́, agbẹjọ́rò àgbà fún gbogbo Nàìjíríà. Ipò yìí ni ó wà ní ọjọ́ 23 oṣù kejìlá ọdún 2001, tí àwọn apànìyàn wọlé tọ̀ ọ́ ní ilé rẹ̀ ní Ìbàdàn tí wọ́n sì yìnbọn pa á. Wọ́n gbé àwọn kan lọ sí ilé ẹjọ́ nítorí ikú rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.