Ẹnubodè Yunifásítì: Ṣé Ọpọlọ Ọmọ Ló Ń Wọ̀n Ni?

Ọdọọdún ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń dé bí òjò. Bí èsì ìdánwò JAMB bá ti jáde, ilé kan á máa jó, ilé kejì á pa lọ́lọ́ bí ilé ọ̀fọ̀. Mo ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní sẹ́kọ́ńdírì fún ọdún 31 kí n tó fẹ̀yìn tì, ohun tó sì máa ń dùn mí jù lọ ni èébú tí àwọn òbí máa ń bù lu ọmọ tí kò rí àyè: “Olódo! Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ti wọlé, ìwọ jókòó síbí.” Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn ẹnubodè yìí. Bí mo bá sọ ọ́ tán, ẹ óò rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, iye àyè tó wà nínú ìlú ni ẹnubodè ń wò kó tó wo ojú àlejò.

Láyé àwọn baba ńlá wa, kò sí ẹnubodè kankan nílẹ̀ yìí rárá. Ẹni tó bá ń fẹ́ ìwé gíga, ọkọ̀ ojú omi ni yóò wọ̀ lọ sí Fourah Bay ní Freetown, ilé-ìwé tí àwọn míṣọ́nnárì CMS dá sílẹ̀ ní 1827, tí Àjàyí Crowther wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Bí àpò baba ẹni bá sì gbé e, a lè kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù.

Ní 1932 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ Higher College ní Yábàá, l'Ékòó. 1934 ni wọ́n ṣí i ní gbangba. Inú aráyé ì bá dùn, ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ti ṣe ẹnubodè rẹ̀. Ìdánwò àṣewọlé wà, ó sì le. Ṣùgbọ́n iye ọmọ tó yege kọ́ ni wọ́n fi ń pinnu iye tí wọn yóò gbà. Iye iṣẹ́ tó ṣí sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ni. Bí ẹ̀ka ìṣègùn bá ń fẹ́ olùrànlọ́wọ́ dókítà mélòó kan, ìwọ̀nba yẹn náà ni wọ́n ń mú. Ọmọ tó kù, bó gbọ́n bí ìjàpá, ilé ló ń padà sí. Àwọn tó wọlé pàápàá, ìwé-ẹ̀rí wọn ò níyì kọjá Nàìjíríà. Ẹni tí yóò máa di àpò mú fún Òyìnbó ni wọ́n fẹ́ kí wọ́n jẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí bí àwọn ọ̀dọ́ Èkó nínú. Lọ́dún 1934 náà ni Dókítà J. C. Vaughan, Ernest Ikoli, H. O. Davies àti Samuel Akinsanya, tó padà di Ọdẹmọ ti Ìṣarà, dá Lagos Youth Movement sílẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan bí? Ọ̀rọ̀ Yábàá yìí ló bí ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú tó kọ́kọ́ lágbára nílẹ̀ wa.

Àwọn kan ò tilẹ̀ dúró lẹ́nu ẹnubodè náà. Baba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kú ní 1920, ọmọ náà ò sì ju ọdún 11 lọ. Ó ṣe tíṣà, ó ṣe akọ̀wé, ó kọ ìròyìn, ó ra kòkó, ó tà á. Láàrin gbogbo wàhálà yẹn ló ti ń ka ẹ̀kọ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù láti ilé, tó ń fi lẹ́tà gba ẹ̀kọ́, títí ó fi gba oyè B.Com. ní 1944. Ní 1946 ó di lọ́yà. Ìbàdàn ò tíì ní yunifásítì nígbà yẹn o! Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ní 1948 ni University College bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn, ní Ẹlẹ́yẹlé, nínú ilé tí àwọn sójà ti fi ṣe ọsibítù nígbà ogun. Akẹ́kọ̀ọ́ 104 tó wá láti Yábàá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ìbàdàn ló ń ṣe ìdánwò àṣewọlé tirẹ̀, torí ilé-ìwé tó ní kíláàsì kẹfà kò tó nǹkan. Lọ́dún yẹn náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Umuahia wọlé láti kọ́ṣẹ́ dókítà, ìdánwò rẹ̀ sì dára débi pé wọ́n fún un ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́. Ọdún kan péré, ó ní iṣẹ́ dókítà ò wu òun mọ́, ó yí sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn àti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn. Ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Chinua Achebe ni mò ń sọ, ẹni tí ìwé rẹ̀, Things Fall Apart, jáde ní 1958. Ẹ̀yin òbí tó ń fi tipátipá kọ “Medicine” sórí fọ́ọ̀mù ọmọ, ṣé ẹ gbọ́? Ìdánwò àṣewọlé mọ ẹni tó lè wọlé. Kò mọ ohun tí orí onítọ̀hún yàn.

Ìgbà tó di 1962, Ifẹ̀, Èkó àti Zaria ti bẹ̀rẹ̀. Nsukka ti ṣáájú wọn ní 1960. Kálukú ló ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀ àti òfin tirẹ̀. Mo rántí ẹ̀gbọ́n mi kan ní 1976, lẹ́tà mẹ́ta ló gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan ò rí ẹyọ kan. Ẹnìkan di àyè mẹ́ta mú, ibì kan ló sì máa lọ. Kí yunifásítì méjì yòókù tó mọ̀, ẹ̀kọ́ ti wọra.

Èyí wà lára ohun tó mú ìjọba ológun dá JAMB sílẹ̀ ní 1978. Oṣù kẹrin ọdún náà ni wọ́n ṣe ìdánwò àkọ́kọ́. Ẹnubodè púpọ̀ di ẹyọ kan, oníbodè sì mú òfin tirẹ̀ wá. Bí a bá ní àyè 100 ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, bí wọ́n ti ń pín in rèé: 45 fún àwọn tí máàkì wọn ga jù, 35 fún àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ tó yí yunifásítì náà ká, 20 fún ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ pẹ́ kó tó dé. Kwara àti Kogí wà nínú àwọn tó gbẹ̀yìn yìí. Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn, Oǹdó, Èkìtì àti Èkó ò sí níbẹ̀. Nítorí náà, ọmọ Ìlọrin àti ọmọ Ìbàdàn lè gba máàkì kan náà, kí ọ̀kan wọlé, kí èkejì jókòó sílé. N ò ní òfin náà burú o. Ìlú tí míṣọ́nnárì ò tètè dé, ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ ibẹ̀ kọ́. Ohun tí mò ń wí ni pé kí ẹ mọ òfin bodè kí ẹ tó gbé ẹrù débẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ̀wé ni mo rí tí wọ́n yan ibi tí kò sí àyè fún wọn.

Ẹ wo ti 2025. Ọmọ tó lé ní 1,900,000 ló ṣe ìdánwò; àwọn tó lé ní 1,500,000 ni kò gba 200 nínú 400. Kíá, àwọn àgbàlagbà ti dá ẹjọ́: fóònù ló bà wọ́n jẹ́, wọn ò kàwé mọ́. Kò pẹ́ tí JAMB fúnra rẹ̀ fi jáde pé àṣìṣe wà nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà àwọn. Ọmọ 379,997, l'Ékòó àti ní ilẹ̀ Ìgbò, ni wọ́n ní kó wá tún un ṣe. Ọ̀gá JAMB sunkún ní gbangba. Àwọn tó ti pe ọmọ ní olódo ńkọ́? Ta nínú wọn ló tọrọ àforíjì?

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nínú gbogbo èyí ò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yan iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe, kí ẹ sì bá a wo òfin ibi tó ń lọ. Ẹ má ra ìdánwò fún un ní “special centre”. Ẹni tí wọ́n gbé wọ bodè lórí irọ́, ẹ̀rù á máa bà á nínú ìlú. Bí kò bá wọlé lọ́dún yìí, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ń bẹ, pólì ń bẹ, ẹ̀kọ́ àkàgbà láti ilé ń bẹ. Mo mọ akẹ́kọ̀ọ́ mi tó ti NCE wọ yunifásítì lẹ́yìn tí JAMB já a sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ń kọ́ni ní yunifásítì lónìí.

Bí èsì bá tún jáde, tí inú sì ń bí yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé: àyè mélòó ló wà, àwa mélòó la sì tò sẹ́nu bodè? Ẹ ṣírò ìyẹn ná. Lẹ́yìn náà, ẹ fún ọmọ lóúnjẹ, kó jẹun, kó tún gbé ìwé rẹ̀.